Ọkọ̀ Ìkẹyìn Kì í Ṣe Ọkọ̀

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò dé etíkun rí títí ó fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí, nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó lẹ́yìn fèrèsé ìbéèrè ní ibùdókọ̀ ńlá, tó ń ṣàlàyé fún gbogbo ayé bí wọ́n ṣe máa dé ibẹ̀. Lóòótọ́, ìlú wa wà létí òkun, ṣùgbọ́n èbúté ló gba gbogbo etí omi tó wà láàárín ìlú. Ọkọ̀ ojú omi àti kọnténà nìkan lẹ máa rí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ yanrìn, àfi kó wọ bọ́ọ̀sì, kó sọ̀, kó tún wọ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ìlà fi máa ń gùn níwájú fèrèsé rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé àti lọ́jọ́ ìsinmi.

Bọ̀ọ̀dá ni mo máa ń pè é. Àgbà ni, ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi kò jẹ́. Àwọn ará ibùdókọ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Àbọ̀, orúkọ yẹn sì bá a mu ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Tí ẹ bá bi í pé báwo lẹ ṣe máa lọ, kò ní dá yín lóhùn. Òun náà á bi yín pé, "Aago mélòó lẹ fẹ́ padà wálé?" Àbọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣètò. Á wo ọkọ̀ ìkẹyìn tó ń ti etíkun bọ̀, á fi bírò pupa fa ìlà gba orí rẹ̀, á wá mú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa kà á padà sẹ́yìn títí dé àárọ̀. Ẹ̀yìn kálẹ́ńdà ọdún tó kọjá ló máa ń kọ ọ́ sí, èyí tó ti fi rúlà àti ọ̀bẹ gé sí wẹ́wẹ́: àlọ lójú kan, àbọ̀ lójú kejì. Á kọ ibi tí bẹ́ǹṣì wà sí i, á kọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, á kọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ máa jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì kí oòrùn má baà pa yín. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kó kọ ọkọ̀ ìkẹyìn fún òun, á yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ọkọ̀ ìkẹyìn kì í ṣe ọkọ̀," á ní. "Àdúrà ni."

Ó ní ìdí tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kejì tó wọṣẹ́, ó kọ ọkọ̀ ìkẹyìn fún ìyá kan tó ní ọmọ mẹ́ta. Ọkọ̀ náà bàjẹ́ lọ́nà, kò dé. Òjò pa ìyá àtàwọn ọmọ mọ́jú ní ibùdó tí kò ní òrùlé, àyà sì dun èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà fún oṣù kan gbáko. Obìnrin yẹn padà wá sí fèrèsé. Kò bú u, kò pariwo. Ó kàn ti ìwé tó kọ fún un gba abẹ́ gíláàsì padà sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ òun kò fi jẹun bó ṣe yẹ. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà ló sọ di òfin, ó sì kó gbogbo wa sábẹ́ òfin ọ̀hún.

Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Aránṣọ ni. Kọ́tìnnì ló ń rán, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì, ní òkè kẹta ilé tí àwa mẹ́ta jọ ń gbé. Ọlọ́run kò fi ọmọ ta wọ́n lọ́rẹ. Èmi àbúrò ni mo gba ipò ọmọ, mo sì gba ìbáwí ọmọ mọ́ ọn. Nǹkan kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi ń tọrọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́: kó mú òun dé etíkun tó wà ní òpin ọ̀nà bọ́ọ̀sì Méjìlélógún, níbi tí wọ́n ní omi ti mọ́, kí òun ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò béèrè ilé, kò béèrè ẹ̀gbà ọrùn. Ẹsẹ̀ lásán ló fẹ́ kì bọ omi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn èèyàn ń lọ sí etíkun gan-an ni iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá máa ń pọ̀ jù.

"Tí mo bá fẹ̀yìn tì," ni Bọ̀ọ̀dá máa ń wí.

Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti kó gbogbo ìlú dé òkun tán, Ọ̀gá Àbọ̀. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún yín nìkan ló kù."

Ó fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Wọ́n fún un ní aago ògiri kan, bí ẹni pé aago ni kò ní. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀, pé kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́. Ó kọ oògùn fún wa, ó wá pe èmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ohunkóhun tó bá ń wù wọ́n ṣe," ó ní, "ẹ má sún un síwájú o." Mo délé, mo jíṣẹ́ náà fún Bọ̀ọ̀dá. Ó dìde, ó gbé tábìlì tí a fi ń jẹun sábẹ́ fèrèsé, ó mú rúlà, ó mú kálẹ́ńdà.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ṣètò ìrìn àjò ọjọ́ kan. Ó lọ jókòó ní ibùdó tí a ó ti pààrọ̀ ọkọ̀, ó ka iye ìgbésẹ̀ tó wà láti ibi tí ọkọ̀ kan ń dúró sí dé ibi tí èkejì ń dúró sí. Mẹ́rìndínlógójì ni. Ó wá àwọn awakọ̀ lọ, ó bi wọ́n pé bọ́ọ̀sì ta ni àtẹ̀gùn rẹ̀ kò ga. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹnu fi ro mí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ gbé lọ sétíkun ni àbí ẹyin?" Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́, kí n wá òwú dúdú fún òun, òun fẹ́ fi so ìwé náà mọ́ àpò. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹ̀rín lójú rẹ̀, ó sì yẹ kí n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Bọ́ọ̀sì Kẹsàn-án, aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹ jókòó lápá òsì. Ẹ sọ̀ níwájú ilé ìwòsàn, bẹ́ǹṣì kejì ló ní òrùlé. Méjìlélógún, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Òpin ọ̀nà, aago mọ́kànlá ààbọ̀. Lójú kejì: àbọ̀, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lábẹ́ ìyẹn ló kọ aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí, tó fi bírò pupa fa ìlà gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àìkú la lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọ gáùn aláwọ̀ ewé tí kò wọ̀ láti ọdún mẹ́rin. Bọ̀ọ̀dá gbé agboòrùn. Èmi gbé àpò tí a kó búrẹ́dì, ẹyin sísè, fláàsì tíì àti táwẹ̀lì tuntun sí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ra táwẹ̀lì náà fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò lè fi táwẹ̀lì ilé nu omi òkun kúrò lẹ́sẹ̀. Gbogbo nǹkan lọ bí Bọ̀ọ̀dá ṣe kọ ọ́. Ì bá wù mí kí n purọ́ fún yín pé ọkọ̀ kan pẹ́, kí n lè rí ẹni tí màá di ẹ̀bi rù. Kò sí ọkọ̀ tó pẹ́. Awakọ̀ Méjìlélógún, ọkùnrin kan tó sanra tó sì ń kọrin sábẹ́ ahọ́n, sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di ẹ̀gbọ́n mi lápá mú gun ọkọ̀. "Ẹ fara balẹ̀, Mọ́mì," ó ní. "Òkun ò níí sá lọ."

Òkun ti sá lọ.

A sọ̀, a rìn dé orí àtẹ̀gùn onísìmẹ́ǹtì tó sọ̀ kalẹ̀ sí yanrìn, a wo iwájú, a ò rí omi. Yanrìn díẹ̀ ló wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹrẹ̀ dúdú tó ń dán, tó lọ jìnnà réré, tí ọkọ̀ apẹja mẹ́ta fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí rẹ̀. Lókèèrè pátápátá, omi náà rí tín-ín-rín. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ lanu.

"Ọ̀gá Àbọ̀," ó ní, "òkun yín ti jáde. Aago mélòó ló ní òun ń padà bọ̀?"

Ọkùnrin tó ń fi àga yáni níbẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ṣé ẹ ò wo ìwé omi ni? Òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ọkọ̀ lára ògiri yẹn. Ó máa tó máa bọ̀. Tó bá fi máa di aago márùn-ún kọjá, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn yìí ló máa wà."

Bọ̀ọ̀dá lọ dúró níwájú ògiri náà. Ìwé méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn tò ó nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó wà lápá òsì, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó mọ̀ pé omi ń lọ, omi ń bọ̀, ta ni kò mọ ìyẹn? Ṣùgbọ́n ní èbúté wa, ara ògiri lomi ti ń gòkè tó ti ń sọ̀, kò sẹ́ni tó ń wá a tì. Ó mọ àkókò gbogbo ohun tó ní táyà nílẹ̀ yìí. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ó ń fi ìka tọ ìlà ìwé náà bí ọmọ iléèwé.

A gbìyànjú. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, ó fi ọwọ́ kan lé mi léjìká, ó fi èkejì lé ọkọ rẹ̀ léjìká, a sọ̀ sórí yanrìn. Nígbà tí a dé ibi ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹta, kò lè mí dáadáa mọ́. A dá a padà, a fi í jókòó lórí àga tí ọkùnrin yẹn gbé fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Inú bí mi. Mo da tíì inú fláàsì nù, mo ká aṣọ mi sókè, mo bá ẹrẹ̀ náà lọ. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Mo bu omi òkun kún fláàsì, mo gbé e padà wá, gbogbo ara mi dúdú bí ẹni tó jáde nínú kòtò. Ẹ̀gbọ́n mi ki ìka méjì bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Tíì ló ń rùn," ó ní.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, títí kan Bọ̀ọ̀dá. Mo ní kó jẹ́ kí n dà á sí i lẹ́sẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní, "Rárá o. Jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wá bá mi. Mo ti dúró dè é tó báyìí, ṣé nínú fláàsì ló yẹ kó ti pàdé mi?"

A jẹ búrẹ́dì, a jẹ ẹyin. Lẹ́yìn aago kan, omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lóòótọ́. Kò yára. Ẹ máa wò ó títí, ẹ ò ní rí i kó rìn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbójú kúrò tí ẹ tún wò ó, ó ti sún mọ́ yín. Aago mẹ́ta, ó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ apẹja àkọ́kọ́. Aago mẹ́ta ààbọ̀, ọkọ̀ náà ti dìde nàró. Ẹ̀gbọ́n mi ń kà á fún wa bí ẹni ń ka bọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ tutù, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, omi ò ju ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ sí wa lọ, a ti ń gbọ́ ìró rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ká agboòrùn.

"Ó tó àkókò," ó ní.

"Ẹ jẹ́ ká dúró de ti aago mẹ́fà," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ọkọ̀ ìkẹyìn kì í ṣe ọkọ̀."

"Mo mọ̀. Àdúrà ni. Ẹ jẹ́ ká gbà á."

"Tí kò bá wá ńkọ́? Níbo lo máa sùn? Oògùn rẹ wà nílé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe agídí, mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, mo sì tún mọ̀ ọ́n nísinsìnyí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ló yíjú sí. Ó kàn wò mí ni. Ká ní mo ti sọ pé ká dúró, a ì bá ti dúró, nítorí Bọ̀ọ̀dá kò ní ẹnu tó lè fi bá àwa méjèèjì jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ń fa awọ mi. Ó sì yẹ kí n wà ní ilé ìfọṣọ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, níbi tí mo ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ó ti rẹ̀ mí.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa lọ," mo ní. "A máa padà wá."

Ó wọ bàtà rẹ̀. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dé ní àkókò gẹ́lẹ́, ó sì gbéra ní àkókò gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ó yí ọrùn padà, ó ń wo gíláàsì ẹ̀yìn títí a fi ṣẹ́ kọ́nà. Kò bínú. Ó bi mí bóyá mo gbé táwẹ̀lì, mo ní mo gbé e.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Bọ̀ọ̀dá tún gbé tábìlì sábẹ́ fèrèsé. Ó ti da ìwé omi kọ láti ara ògiri. Ó tò ó mọ́ ìwé ọkọ̀, ó ń wá ọjọ́ Àìkú tí omi máa kún dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn láàárín aago méjìlá sí aago mẹ́ta. Títí ọdún yóò fi parí, mẹ́ta péré ló rí. Àkọ́kọ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó gé kálẹ́ńdà tuntun, ó kọ ọ́, ó sì fi hàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dára.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́. Ilé ìwòsàn tí a ti pààrọ̀ ọkọ̀ níwájú rẹ̀ náà la gbé e lọ. Fèrèsé wọ́ọ̀dù rẹ̀ kọjú sí títì. Tí bọ́ọ̀sì bá ti bọ́ jíà níbẹ̀, á la ojú, á ní, "Méjìlélógún nìyẹn," kì í sì í ṣì í. Bọ̀ọ̀dá jókòó tì í pẹ̀lú ètò tuntun náà lápò. Ó máa ń kà á sí i létí: aago báyìí, bẹ́ǹṣì báyìí, omi báyìí. Ọjọ́ Jimọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta ló kú. Ọjọ́ Àìkú tí a ń retí ku ọ̀tunla. Omi kún lọ́jọ́ náà ní aago kan ààbọ̀, bó ṣe wà nínú ìwé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lọ wò ó.

Lára àwọn tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀ ni awakọ̀ tó sanra náà. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó sí eteetí àga.

"Ẹ kú àtẹ̀mọ́ra o, Ọ̀gá," ó ní. "Mi ò lè gbàgbé Mọ́mì. Èmi náà ni mo wa ti ìkẹyìn lọ́jọ́ tí mo gbé yín lọ. Mo débẹ̀ ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún, omi ti kún dé orí àtẹ̀gùn kejì, ó dùn-ún wò. Nígbà tí mi ò rí yín, mo ní bóyá Mọ́mì ṣì ń ṣeré nínú omi. Mo fi ìṣẹ́jú méje kún un, mo dúró dè yín. Kò sẹ́nì kankan. Èmi nìkan ni mo wa ọkọ̀ òfìfo bọ̀."

Kò mọ ohun tó sọ. Ọmọlúwàbí ni, ó fẹ́ tù wá nínú ni. Bọ̀ọ̀dá gbójú sókè.

"Aago mélòó lo wá gbéra?"

"Mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, Ọ̀gá."

Bọ̀ọ̀dá mi orí. Ó fa ìwé àkọ́kọ́ yọ nínú àpò, ó wo ojú kejì rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pupa méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé náà fún mi, ó wọ yàrá ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo bínú sí i. Mo ṣì ń bínú sí i, a sì jọ ń gbé, mo ń se oúnjẹ tí kì í jẹ tán. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fẹ́ la ẹnu bú u, ohùn ara mi ni mo máa ń gbọ́: a máa padà wá. Àwa méjì la pa ẹnu pọ̀ dá ẹ̀gbọ́n mi padà lọ́jọ́ náà, òun nìkan kọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilé wa kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ti gbọ́ pé bàbá tó wà lókè mọ ọ̀nà etíkun. Mo fẹ́ lé wọn, ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá ní kí wọ́n wọlé. Ó mú pélébé kálẹ́ńdà kan, ó kọ àlọ fún wọn láìwo ìwé kankan. Ó kọ aago tí omi máa kún sí i. Lẹ́yìn náà ló yí ìwé náà padà, ó gbé bírò lé e, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, àbọ̀ ńkọ́?" ọkùnrin náà bi í.

"Mi ò mọ̀," ni Bọ̀ọ̀dá wí.

Ó na ìwé náà sí wọn, òfìfo lójú kejì. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jáde, wọ́n ń wo ara wọn. Mo tẹ̀ lé wọn dé orí àtẹ̀gùn.

"Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá," mo sọ fún obìnrin náà. "Ìyẹn ni ìkẹyìn. Ẹ dúró dè é. Ó máa ń wá."